Ìkómọ Tó Fi Ọjọ́ Kan Yá Jù

Nígbà tí pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ dé Ṣábẹ̀ẹ́ láti Nàìjíríà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n kẹ́yìn sí àwọn òkè wa, wọ́n sì ya fọ́tò. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Olúwa ti gbé ẹsẹ̀ àwọn lé orí òkè gíga nílẹ̀ àjèjì láti gba àwọn ìyá ọ̀dọ́ là. Mo rí i lórí fóònù ìyàwó rẹ̀ nígbà tó yá. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò ní ìlú yìí, n kò sì rí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn gun òkè kankan. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Plateau ni wọ́n gba ilé sí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní, tí omi ẹ̀rọ ń bá wọn nínú ilé ìdáná.

Ilẹ̀ àjèjì náà ńkọ́? Bí wọ́n bá jẹun àárọ̀ nílé wọn lọ́hùn-ún, wọ́n á bá oúnjẹ alẹ́ níbí. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá la ń sọ. Tiwa lọ́ díẹ̀, a sì máa ń da Faransé mọ́ ọn tó bá kan ọ̀rọ̀ lékòó, ìyẹn ilé ìwé, tàbí ti ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á gbọ́. Àwọn ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ èdè mìíràn, kí iṣẹ́ wọn lè tóbi lójú àwọn tó rán wọn. Ni wọ́n bá wá ògbufọ̀, èmi ni wọ́n sì mú.

Aránṣọ ni mí. Àwọn òbí mi ló kó aṣọ títà wá síbí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni ọkọ mi sì kú sí. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbà mí fún: kí n kọ́ àwọn ọmọbìnrin inú ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ìyá ọ̀dọ́ ní aṣọ rírán, kí n sì máa túmọ̀ Yorùbá fún Yorùbá. Pásítọ̀ kò tíì pé ogójì ọdún, àkọ́bí mi jù ú lọ. Síbẹ̀ Dádì ni gbogbo wa ń pè é, ìyàwó rẹ̀ sì ni Mọ́mì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní ìjọ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí Dádì yẹn, orúnkún mi ké.

Ọmọbìnrin mọ́kànlá ló wà nílé náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èyí tó dàgbà jù kò sì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Àwọn kan ti bímọ, àwọn kan wà nínú oyún. Àwọn òbí lé òmíràn, ojú ń ti òmíràn láti padà sílé. N kò ní purọ́ mọ́ wọn: ilé náà bò wọ́n lórí, wọ́n ń jẹun yó níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó nà wọ́n. Ohun tí wọ́n ń fi kún un ló máa ń bí mi nínú. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mọ́mì á gbé bébì oníke kan jáde, òyìnbó tí irun rẹ̀ ti já dà nù, á gbé e sínú báfù, á sì máa kọ́ wọn bí a ṣe ń wẹ ọmọ. Ó ní gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tì bọ inú omi láti mọ bó ṣe gbóná tó. Àwọn tó ń kọ́ yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti lè gbé garawa ni wọ́n ti ń wẹ àwọn àbúrò wọn, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n sì fi ń wo omi. Ọmọ ìlú Kaboua kan wà nínú wọn tó ti wẹ àbúrò márùn-ún kó tó lóyún tirẹ̀. Mọ́mì kò tíì wẹ ọmọ rí. Ọlọ́run ló ń ṣe ọmọ, n kò sì fi ìyẹn bú u, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ ibi tó ti yẹ kóun jókòó, kóun máa wòran.

Bó bá wẹ bébì tán, á ní kí n bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Mà á bi wọ́n. Wọ́n á ní ó yé àwọn. Ọmọ Kaboua á wá wò mí, á sì fi ètè pa ẹ̀rín mọ́ra. Láti ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ọmọ náà.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wà tó fi lóyún. Ọmọ abúlé Bessé kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìjórin ló fún un, nígbà tí ìyẹn sì gbọ́, ó gba Parakou lọ, ó ní òun ń wáṣẹ́, kò sì yọjú mọ́. Bàbá ọmọbìnrin náà ní kò sí ọmọ tí kò ní ilé bàbá tí wọ́n á bí sínú àgbàlá òun. Gbogbo ohun tó wá kù tí ọmọ náà ń dúró dè ni pé kí àwọn ará Bessé wá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Kò wá ìgbéyàwó, kò wá owó ìtọ́jú. Bí ilé bàbá ọmọ bá ti gbé omi àti iyọ̀ wá, wọ́n ti gbà pé àwọn ló ni ín, bàbá tirẹ̀ náà á sì ṣílẹ̀kùn. Níbi tí a ti ń gé aṣọ ló ti sọ fún mi pé, "Ìyá, tí wọ́n bá ṣáà ti sọ ọ́ lórúkọ, mà á lè relé."

Ó bí ọkùnrin. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà kan, zémi la ń pè wọ́n níbí, dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá àgbà ilé ọmọkùnrin tó fún un lóyún ló rán an láti Bessé, ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ sọ fún ìyàwó àwọn pé àwọn gbọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni àwọn ń bọ̀." Ìyàwó ló pè é. Nígbà tí mo jíṣẹ́ yẹn fún ọmọ náà, ó fi aṣọ ìpọnmọ bojú, ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fọ aṣọ.

Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń kó ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ báyìí, àwọn ilé kan ṣì wà tí kò gbà. Ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹsàn-án. Ọmọbìnrin, ọjọ́ keje. Ìbejì ló ni ọjọ́ kẹjọ. Ilé ìyá àgbà yẹn kò tíì yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, tẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú wọn tẹni tó ń lọ mọ́ṣáláṣí. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dádì kò mọ̀, torí ó gbà pé bí òun ṣe ń gbọ́ Yorùbá náà lòun ṣe mọ gbogbo ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìwà àwọn ènìyàn wa láti Nàìjíríà nìyẹn. Fi wọ́n sáàárín àwọn Hausa, wọ́n á béèrè ohun gbogbo kí wọ́n tó jókòó. Fi wọ́n sáàárín Ṣábẹ̀ẹ́, wọn ò ní béèrè nǹkan kan.

Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà láti olú ilé ìjọ wọn. Obìnrin kan àti ọkùnrin méjì ni, pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n gbé bí ẹyin. Wọ́n fẹ́ ya fíìmù iṣẹ́ orí òkè. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ lò, òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ọmọ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń padà. Dádì kéde pé a ó kó ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ bí Ìwé Mímọ́ ṣe wí. Ó yà mí lẹ́nu bí Ìwé Mímọ́ àti ọkọ̀ àwọn àlejò ṣe bá ara wọn mu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ keje, ọmọ Kaboua fà mí sẹ́yìn ilé. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Dádì sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó jẹ́ ọ̀túnla. Tí àwọn ará Bessé bá dé tí wọ́n bá a pé a ti sọ ọ́ lórúkọ, wọn ò ní gbà á mọ́." Kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Oúnjẹ wọn ló ń jẹ, orí bẹ́ẹ̀dì wọn ló sùn lé, ta ló tọ́ ọ dàgbà tí yóò fi lọ sọ fún Dádì pé kò mọ ọjọ́ kà? Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní mò ń lọ sọ ọ́ nísinsìnyí.

Mo bá wọn ní pálọ̀, àwọn àti àwọn àlejò, wọ́n ń tú páálí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà ló wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ tuntun, dúdú, tó ń dán. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni a ń lò, tèmi tí mo gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó máa ń já òwú bó bá ti rí aṣọ tó nípọn. Mọ́mì ní, "Màmá, ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa." Mo fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ara ọ̀kan, ó yí lọ láìdún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin àlejò sọ pé ẹ̀yìn ìkómọ ọ̀la ni wọ́n máa fà wọ́n lé mi lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà, torí àwọn tó dáwó rà á fẹ́ rí ọmọ, wọ́n fẹ́ rí ìyá, wọ́n fẹ́ rí ẹ̀rọ, nínú fíìmù kan náà. Ó fi ẹ̀rín kún un pé àwọn tó wà ní ibùdó kejì tí ìjọ náà ní ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ, àwọn sì ní ọmọ tuntun méjì nílẹ̀.

Dádì wò mí. Ó rí i pé mo dúró bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan, Dádì."

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rán èmi níṣẹ́ ọmọ, n kò sì jẹ́ ẹ rárá. Nígbà tí mo padà sẹ́yìn ilé, ọmọ náà dìde láti gbọ́ èsì. Mo ní, "Mo sọ ọ́. Kò gbà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun mọ̀ pé mo gbìyànjú.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Mo ti rán aṣọ aláwọ̀ kan náà fún àwọn mọ́kànlá, torí obìnrin àlejò ní ó máa dára nínú fíìmù. Wọ́n tò wọ́n síta kí àwọn òkè lè hàn lẹ́yìn wọn. Ẹnì kan bi Dádì bóyá wọ́n máa fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, ó ní ohun ìbọ̀rìṣà ni, òun tí iyọ̀ kún ọbẹ̀ ìrẹsì tó jẹ láàárọ̀. Obìnrin àlejò ló yan orúkọ. Ó gùn, àdúrà odindi ni, orúkọ iṣẹ́ òjíṣẹ́ wọn sì wà nínú rẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí. Èmi ni mo gbé ọmọ náà dání, torí ìyá rẹ̀ ní ó rẹ òun. Ọkùnrin oníkámẹ́rà ní kí n yí ojú ọmọ sí ìmọ́lẹ̀, mo sì yí i. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà yẹn, apá mi gan-an ni orí ọmọ náà wà.

Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò ti lọ. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, zémi méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú obìnrin kan àti ọkùnrin àgbàlagbà kan. Wọ́n gbé àwo tí wọ́n fi aṣọ bò, wọ́n gbé kèrègbè omi láti inú kànga ilé wọn. Dádì yára jáde pàdé wọn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí àwọn ará Èkó ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ìdajì.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ pẹ́ díẹ̀ ni, a ti ṣe é lánàá. Ó dùn gan-an." Ó ní kí wọ́n gbé omi ẹlẹ́rìndòdò fún wọn. Bí ẹni tó ń ṣe wọ́n lóore, ó mú fóònù jáde, ó fi fíìmù náà han ìyá àgbà.

Ìyá àgbà wò ó dópin. Kò yẹ ojú kúrò. Ó wá dá fóònù náà padà fún un.

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ," ó ní. "Ilé ta lẹ wò?"

Dádì yíjú sí mi pé kí n túmọ̀. Ọlọ́run gbọ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ìyá tó bí i kò fi kọ́ ọ. Mo ní, "Wọ́n ní ilé ta lẹ wò." Ó ti fóònù náà bọ àpò.

Ìyá àgbà bi ọmọ Kaboua bóyá ó gbọ́ pé àwọn ń bọ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó bi í bóyá ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ọmọ náà wò mí, ó ń retí pé kí n jẹ́rìí òun pé a sọ ọ́ fún Dádì, Dádì ni kò gbà. Dádì wà níbẹ̀. Bí mo bá lanu, òun náà á lanu. Mo wo ilẹ̀.

"Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni kó tọ́ ọ," ìyá àgbà ní. Ó tún aṣọ bo àwo náà dáadáa, wọ́n sì padà sórí zémi tó gbé wọn wá.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi bú Dádì yíká Ṣábẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bú. Mo ń sín ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ jẹ fún àwọn oníbàárà, mo ń sọ ti bébì oníke, mo ń sọ ti àwọn òkè tí kò gùn rí, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ Kaboua fúnra rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé, "Ìyá Aránṣọ kìlọ̀ fún un, kò gbọ́." Ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọmọ náà ló mọ̀ ọ́n lò jù, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò lè pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀, tí a kàn ń pè ní Bọ̀bọ́. Bàbá ọmọ Kaboua kò ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìjọ wọn wá pe Dádì àti Mọ́mì padà, wọ́n ní ẹlòmíràn ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láti kí mi pé ó dìgbóṣe. Mo ti ṣètò ẹnu mi sílẹ̀ fún un. Ó jókòó lórí àpótí oníbàárà, ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ àwọn ará Bessé yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi ni, ǹ bá dúró. Kí àwọn àlejò máa lọ." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dá mi lẹ́bi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìdí wà tó fi lè dá mi lẹ́bi. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé yóò dúró. Ohun tó bí mi nínú ni pé n kò lè sọ pé irọ́ ni. Mo wá ọ̀rọ̀ ẹ̀sín kan fún un, n kò rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gun zémi lọ sí Bessé. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, mo sọ ọ́ bó ṣe rí: pé ọmọ náà rán mi, pé n kò jíṣẹ́, pé nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Mo rò pé á bú mi, ǹ bá sì ti fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò bú mi. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ ní tirẹ̀.

"Ohun tí ilé yìí mọ̀ ni pé ìyàwó wọn tẹ́ńbẹ́lú wọn," ó ní. "Èmi nìkan kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Wá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, kí ọmọ náà wà níbẹ̀, kí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ ọ́ láìsí ọmọ náà. Ó ní rárá.

Ọjọ́ ìsinmi kan ni. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kajú tó wà nínú àgbàlá. Àwọn ará Bessé wà lápá kan, bàbá ọmọ Kaboua dá jókòó sí apá kejì, ó fi fìlà bojú. Ọmọ náà wọ aṣọ tó rán fúnra rẹ̀. Ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Ìyá, ẹ kú wàhálà wa," torí ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bá òun bẹ̀. Mo dìde, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti àwọn ẹ̀rọ, ti "kò sí nǹkan, Dádì," àti ti irọ́ tí mo pa fún un lẹ́yìn ilé. N kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kàn gbọ́ tí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dá ṣe bà-bà-bà.

Nígbà tí mo jókòó, ọkùnrin àgbàlagbà kan wú ikọ́. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé omi wá. Wọ́n gba ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ tó ti ń jókòó fúnra rẹ̀, tó ti ń fa irùngbọ̀n ẹni tó bá gbé e. Ìyá àgbà fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, ọmọ náà fajú ro. Ó fi oyin kàn án, ó lá ètè, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ kúkúrú tó jẹ́ ti bàbá ọkọ rẹ̀. Bàbá ọmọ Kaboua ṣí fìlà, ó nawọ́, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ ọmọ òun fún òun.

Ó wá ku tàwọn tó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ orúkọ á ti ìka bọ omi, á fi kan iwájú orí ọmọ, á sì pe orúkọ tirẹ̀. Ọmọ Kaboua ló gbé àwo omi náà káàkiri, bàbá rẹ̀ sì gbé ọmọ tẹ̀lé e. Ó lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Èmi náà ní orúkọ kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni mo ti ní in lọ́kàn, orúkọ tí ǹ bá sọ ọmọ tèmi bí mo bá tún bí òmíràn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo na ìka sí omi.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwo náà. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kéèyàn kúnlẹ̀ fún àgbà, kò sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní. "Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó dìde, ó sì gbé omi náà kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tẹ̀lé mi.